Ẹni Tó Mọ Bí A Ṣe Ń Pe Ìwọ̀n

"Ẹ má tíì mí," ni Abẹ́rẹ́ wí, píìnì mẹ́rin ló há sáàárín ètè rẹ̀. "Ẹ wá mí díẹ̀. Ó tó. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dúró lórí àpótí onígi, ó na apá méjèèjì. Aṣọ ìgbéyàwó funfun tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku etí ìsàlẹ̀, ó sì ku àyà lápá òsì, ibi tí iṣẹ́ gidi wà. Ọdún kejì rèé tí àwọn dókítà ti gé ọmú òsì Nọ́ọ̀sì kúrò kí àrùn tó wà níbẹ̀ má baà ràn. Abẹ́rẹ́ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan mọ́ inú aṣọ náà, ó tú u lẹ́ẹ̀mẹfà, ó tún un rán, títí kò fi sí ojú tó lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mọ̀, ìyá tó bí Nọ́ọ̀sì mọ̀, Abẹ́rẹ́ àti àbúrò rẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ sí i.

"Ara mi ni," ni Nọ́ọ̀sì sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé iṣẹ́ náà wá. "Mi ò tijú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá wù mí, ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ tí à ń wí yìí. Ìgbéyàwó di Sátidé.

Àbúrò ló já wọlé láìkan ilẹ̀kùn, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ nǹkan yìí?"

Péèjì ilé ìránṣọ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí Abẹ́rẹ́ ti ń gbé fọ́tò àwọn ìyàwó tuntun sí láti ọdún mẹ́fà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wò. Fọ́tò ìyàwó kan tí wọ́n ránṣọ fún lọ́dún tó kọjá ló wà lókè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo ikùn! Ǹ bá mọ̀ kí n rán àgọ́ fún un." Òmíràn tẹ̀ lé e: "Èyí ti lé ní ogójì ọdún, aṣọ ọmọ ogún ọdún ló ní kí n rán fún òun. Mo bá a rán an. Kí ni kí n ṣe?" Wọ́n ti gbé mẹ́fà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ láàárín wákàtí kan. Àwọn èèyàn ń bú Abẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ti kọ ọ́ pé: "Mo fi ọ́ ṣe ẹ̀gbọ́n."

Abẹ́rẹ́ tu píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ tó fi ń ṣí péèjì. Ẹ̀rọ ní kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀. Kò tọ̀nà. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ lé e síta.

"Wọ́n ti já péèjì wa gbà," ni Àbúrò wí.

Orí àpótí ni Nọ́ọ̀sì ti bi í léèrè, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Àǹtí Abẹ́rẹ́, fọ́tò mi ńkọ́?"

"Èwo nínú fọ́tò?"

"Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí péèjì náà nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ẹ ṣáà ti pa á rẹ́?"

"Háà! Mo ti pa á rẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ṣebí mo sọ fún yín nígbà yẹn?"

Ẹ ò rí i, irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò náà níwájú dígí, láìwọ aṣọ lókè, téèpù yí àyà rẹ̀ ká, kí aránṣọ lè rí bí ibi tí wọ́n gé ṣe jin tó. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti kọ̀wé pé kí Abẹ́rẹ́ pa á rẹ́. Abẹ́rẹ́ fèsì pé òun ti pa á rẹ́, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀, ó sì rò pé òun á ṣì nílò rẹ̀ nígbà tí òun bá fẹ́ gé aṣọ. Ó gé aṣọ tán. Ó gbàgbé. Fọ́tò náà wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, lọ́wọ́ ẹni yòówù tó jí péèjì.

Nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ, ó wọ tirẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò ní àtẹ̀gùn tí Abẹ́rẹ́ fi ń ṣépè.

Wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni àwọn péèjì náà. Kì í ṣe èèyàn ló dá wọn lóhùn, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ní inú òun dùn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní òun ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sínú péèjì wọn, kí wọ́n lọ mú un níbẹ̀, kí wọ́n fi ṣí péèjì.

"Inú péèjì tí wọ́n jí?" ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni wọ́n ní kó ṣílẹ̀kùn, kó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá?"

Ẹ̀rọ tún bi wọ́n bóyá ìdáhùn òun wúlò fún wọn. Abẹ́rẹ́ kọ èébú kan sí i tí n kò lè tún sọ níbí. Ẹ̀rọ ní òun dúpẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ wọn ṣe pàtàkì sí òun.

Àbúrò fa àga súnmọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí dáadáa. Ẹnikẹ́ni bi yín ní nǹkan kan lórí fóònù?"

Ìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ rántí. Ní àná, lọ́sàn-án, ó wà lábẹ́ aṣọ kan, ó ń to etí rẹ̀, máṣìnnì ń ké. Ọkùnrin kan pè é. Ọ̀fìnkìn ti di ọkùnrin náà nímú pátápátá. Ó ní láti ilé iṣẹ́ tó ni péèjì ni òun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ fi àmì búlúù sí péèjì rẹ̀, àmì tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ọdún méjì ni Abẹ́rẹ́ ti ń wá àmì yẹn kiri bí ẹni ń wá ọmọ. Ọkùnrin náà ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí fóònù rẹ̀. "Ẹ pè é, kí n kọ ọ́," ló wí.

"Ẹ sì pè é?" ni Àbúrò wí.

"Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi ṣí."

Kò purọ́ níbí yìí. Iṣẹ́ wọn nìyẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: ẹnì kan á mú téèpù, á máa pe ìwọ̀n, ẹnì kejì á máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti tó ogún ọdún tí Abẹ́rẹ́ ti ń pe nọ́ńbà fún ẹni tó bá ti ní "ẹ pè é, kí n kọ ọ́." Bí ẹnì kan bá jí i lójú oorun tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó lè pe ìwọ̀n ibùsùn fún un.

"Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Rárá o, ó ń gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní mẹ́rin, ó ní ó jókòó. Mo ní méje, ó ní ó jókòó..."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ní ilé ìránṣọ yìí, ẹni tó ń kọ̀wé kì í sọ pé "mo ti gbọ́", kì í sì í sọ pé "ó dáa". Ní ọdún kìíní tí wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n ṣi ìwọ̀n ìdí ìyàwó kan kọ, aṣọ ya lójú agbo. Láti ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti fi òfin lélẹ̀: òun kò ní pe òmíràn títí ẹni tó ń kọ̀wé á fi dáhùn pé "ó jókòó." Kò sí aránṣọ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti di gègé mú nínú yàrá yìí rí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ojú Abẹ́rẹ́ dúró sára àbúrò rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o," ni Àbúrò wí. "Èmi ni mo wà nídìí máṣìnnì tó ń ké. Ẹ rò ó. Nígbà tí mo bímọ, tí mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin, ta ló ń bá yín kọ̀wé?"

Abẹ́rẹ́ yí ojú sí ilẹ̀kùn, ó ń wo òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ FỌ́TÒ sí.

Wòbí ni gbogbo ilé náà ń pe onífọ́tò yẹn, nítorí "ẹ wo ibí, ẹ wo ibí" ló ń pariwo mọ́ gbogbo tọkọtaya. Òun ló bá Abẹ́rẹ́ ṣí péèjì náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun ló ya gbogbo fọ́tò tó mú kí péèjì náà gbajúmọ̀. Òun náà ló di gègé mú nígbà tí Àbúrò bímọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Abẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́ Abẹ́rẹ́ náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, láti ọdún tí òjò wọlé tí kò sí ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn gbé ẹrù. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

"Wòbí," ni Abẹ́rẹ́ wí, orúkọ náà korò lẹ́nu rẹ̀. "Mo máa fi í ṣe ẹ̀sín. Mo máa jẹ́ kó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọlọ́pàá."

"Kí ni ọlọ́pàá máa mú? Ó jókòó? Ẹni tó bá bù wá jẹ tí kò ro ti ìdọ̀tí ara wa, bí àwa náà bá fẹ́ bù ú jẹ, a ò ní ro ti egbò ara rẹ̀."

Ó sùn lórí ìbínú náà, ó jí, ó bá a níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú, Wòbí gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó jáde lọ síṣẹ́. Kódà ó kí wọn. "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ!" Imú rẹ̀ ò dí rárá. Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó kà dé igba, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ju bó ṣe rò lọ. Aṣọ funfun gbàǹgbà tí wọ́n ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò ló kọ́kọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an fún Wòbí, tọkàntọkàn ló sì fi rán an. Ó kọjá lára rẹ̀. Ohun tó ń wá wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà: àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí Wòbí ń kó gbogbo fọ́tò sí. Gbogbo ìgbéyàwó tí Wòbí yà láti oṣù kan, tí kò tíì fà lé oníbàárà lọ́wọ́, inú àpótí yẹn ló wà. Abẹ́rẹ́ yọ okùn rẹ̀. Korobá omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kún. Ó fi ẹsẹ̀ fà á sí àárín yàrá.

Kò jù ú sínú omi. Ó gbé àga, ó jókòó, ó ń dúró dè é. Ohun tó dùn jù nínú ẹ̀san ni kí ojú elénìní wà níbẹ̀.

Agogo kan ọ̀sán ti kọjá kí Wòbí tó ṣílẹ̀kùn. Ó rí obìnrin lórí àga, ó rí korobá, ó wá rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lókè omi. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀fìnkìn yẹn ti lọ?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

Wòbí kò bèèrè pé ọ̀fìnkìn wo. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó jókòó."

Wòbí fi ọwọ́ gbá iwájú orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀."

"Dá péèjì mi padà. Níṣojú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìyàwó inú àpótí yìí á lúwẹ̀ẹ́."

Wòbí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀, Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa gbogbo ohun tó kọ sábẹ́ àwọn fọ́tò rẹ́. Ó fi nọ́ńbà fóònù Abẹ́rẹ́ sí i, ó yọ tirẹ̀ kúrò. Nígbà tí fóònù Abẹ́rẹ́ dún pé péèjì ti ṣí, kò dúpẹ́.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò mọ̀?" Wòbí yí àga padà. "Ọdún mẹ́fà, Abẹ́rẹ́. O ò fi orúkọ mi sábẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo rí. Mo bẹ̀ ọ́, o ní àyè ò sí. Oṣù tó kọjá, ìyàwó kan bi ọ́ níwájú èèyàn mẹ́jọ pé ta ló ya fọ́tò tó dára tó báyìí. O ní aṣọ ló dára, pé èmi kàn ń tẹ bọ́tìnì ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnì."

"Torí ẹ̀rín lo ṣe fẹ́ ba iṣẹ́ ogún ọdún jẹ́?"

"Torí ẹ̀rín ni. Ṣé ìwọ kò gbé ìyàwó àwọn ẹlòmíràn sórí omi torí péèjì?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́ ju àpótí náà sínú omi. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, títí dé ọmọ ìka. Ohun tó dá a dúró kò ju pé ó mọ díẹ̀ nínú àwọn ìyàwó náà. Aṣọ tirẹ̀ ni méjì nínú wọn wọ̀. Ó gbé àpótí náà lé orí tábìlì, ó gbé e kalẹ̀ gbàgà.

"Mo máa kọ ọ́ sórí péèjì yìí," ló wí. "Màá fi orúkọ rẹ sí i, màá fi ojú rẹ sí i. Màá kọ ọ́ pé olè ni ọ́. Kò sí ìyàwó tó tún máa wo ibí fún ọ títí ayé."

"Kọ ọ́. Èmi náà á sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì."

Abẹ́rẹ́ dá ọwọ́ tó fẹ́ fi mú fóònù dúró.

"Mo ka gbogbo rẹ̀," ni Wòbí wí. "Ó bẹ̀ ọ́ pé kí o pa fọ́tò yẹn rẹ́. O ní o ti pa á rẹ́. Oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo pa á rẹ́ ní àná, bí mo ṣe rí ohun tó jẹ́. Mo fẹ́ fọ́ ẹ lẹ́nu, mi ò fẹ́ tú ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò. Nínú èmi àti ìwọ, Abẹ́rẹ́, ta ló bò ó láṣìírí?"

Abẹ́rẹ́ ṣí fóònù níbẹ̀. Ó wo ibi tí fọ́tò náà ti máa ń wà. Kò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ ibẹ̀: "Mo ti pa á rẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó jáde. Ní gbogbo ọ̀sán náà, ó jókòó sídìí máṣìnnì, ó ń fi fóònù kọ ohun tí ojú Wòbí máa rí. Ó kọ ọ́, ó tún un kọ. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń gún bí ó ṣe fẹ́ kó máa gún. Kò sì lè tẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ Wòbí náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó ti rí ọ̀nà tó lè gbà gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀: kí òun fúnra òun sọ fún Nọ́ọ̀sì ṣáájú. Ẹ má ṣe rò pé ìrònúpìwàdà ni o. Ìbínú ló rán an lọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé ní agogo mẹ́rin, ó gun orí àpótí. Abẹ́rẹ́ kò mú píìnì.

"Mo purọ́ fún yín," ló wí. "Mi ò pa fọ́tò yẹn rẹ́. Láti oṣù mẹ́ta, mi ò pa á rẹ́. Wòbí ló jí péèjì, ó rí i, òun ló pa á rẹ́. Ó ní òun kò fi han ẹnikẹ́ni."

Àbúrò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣìnnì. Nọ́ọ̀sì ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, apá ọ̀tún, apá òsì.

"Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ló wí, "mo dúró síbí yìí, mo bi yín. Ẹ tún wò mí lójú, ẹ ní ẹ ti pa á rẹ́."

"Ẹ dárí jì mí."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

Abẹ́rẹ́ na fóònù sí i. Nọ́ọ̀sì ka ohun tó kọ nípa Wòbí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kà á bí ẹni ń ka ìwé aláìsàn, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ó dáa," ló wí. "Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà pé. Ẹ ti lé akátá lọ, ó wá ku ká fàbọ̀ bá adìẹ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà kan fi fọ́tò ara rẹ̀ sí ìkáwọ́ yín, ó ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ ní ẹ ti pa á rẹ́, irọ́ lẹ pa. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ dárúkọ ara yín."

"Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ mi á bàjẹ́."

"Tirẹ̀ náà á bàjẹ́. Ṣebí ohun tí ẹ ń wá nìyẹn?"

"Tí n kò bá wá kọ nǹkan kan mọ́ ńkọ́? Tí mo bá fi Wòbí sílẹ̀?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kọ ìlàjì rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wo fóònù náà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ wo ibí! Ẹ wo ibí!" Àwọn èèyàn kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ó tẹ̀ ba fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Nígbà tó parí, ó padà lọ sókè pátápátá, ó gbé orúkọ ara rẹ̀ síwájú ti Wòbí. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù..." Abẹ́rẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó nawọ́ mú téèpù. Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ti wà lára téèpù náà ṣáájú tirẹ̀.

"Ẹ mú gègé," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ kọjú sí ògiri. Èmi ni n ó wọn ara mi, èmi ni n ó máa pè é."

Abẹ́rẹ́ mú gègé àti ìwé, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ tí aṣọ ń dún lẹ́yìn òun bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń tú bọ́tìnì. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì, ó gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Kò sí ẹni tó wò ó.

"Mẹ́rìndínlógójì," ni Nọ́ọ̀sì pè.

Abẹ́rẹ́ kọ ọ́.

"Ó jókòó," ló wí fún ògiri.